Àkùkọ Kò Fọwọ́ sí Béèlì

Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Mádígirà, ọdún àríyá tó ṣáájú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, ni wọ́n mú Selin Papillion, ewé ọbẹ̀ sì ni wọ́n tìtorí ẹ̀ mú un.

Ohun tí ọlọ́pàá bá lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀ ni àpò ọ̀rá kéékèèké tí a so lẹ́nu, lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé ló wà nínú wọn. Filé ni. Kò sí ẹni tó ti jẹ ọbẹ̀ gọ́mbò rí ní ìlú Anse Noire tí kò mọ filé: ewé igi tí a sá gbẹ, tí a gún, tí a kù, tí a ń wọ́n sórí ọbẹ̀ kó lè yọ̀ díẹ̀, kó sì ta sánsán. Selin ló ń gún un fún àwọn ìyá ìjọ, ó sì ń gbé e kiri fún wọn nítorí ọdún ti dé. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìpínlẹ̀ òkè lọ́hùn-ún dé ni, níbi tí ọbẹ̀ ti ń ti inú agolo wá. Ó bu díẹ̀ sínú ike àyẹ̀wò rẹ̀, omi inú ike pa àwọ̀ dà, ó ní òògùn olóró ni. Selin bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló sọ ọ̀rọ̀ tí ì bá parí lójú títì di ti àhámọ́.

Ozemie Lavergne ń bó àlùbọ́sà lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Nanan, ẹ má bẹ̀rù o."

"Kí lo ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Àhámọ́ ni mo wà."

"O wà ní àhámọ́, o ní kí n má bẹ̀rù!"

Nanan ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ìyá ìsàmì, Parrain sì ni bàbá ìsàmì. Ozemie ló gbé Selin dání lọ́jọ́ tí wọ́n da omi sí i lórí, nígbà tí ìyá ọmọ náà sì kú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló kó aṣọ rẹ̀ wá. Ó ti ṣèlérí níwájú àlùfáà pé òun yóò máa tọ́ ọ sí ọ̀nà Ọlọ́run. Àlùfáà kò sọ̀rọ̀ nípa béèlì.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́, ó wọ bàtà tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì gba ọ̀dọ̀ Wilda Rideau lọ. Wilda ló ni ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ilé ẹ̀wọ̀n, ẹni tó ń gba béèlì èèyàn. Kò sí ìdílé kan ní ìlú náà tí kò tíì jókòó sórí àga pupa tó wà níwájú tábìlì rẹ̀.

"Mama Ozemie! Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ẹ ò tíì jẹun, mo mọ̀ọ́ lójú yín." Ó ti bùdẹ̀n gbígbóná kan sí i lọ́wọ́, sọ́séèjì onírẹsì tí èéfín ṣì ń rú lára rẹ̀.

"Ṣé o mọ ohun tí mo bá wá?"

"Ta ni ò mọ̀? Ọkọ̀ ọlọ́pàá ò tíì débí tí ìròyìn ti dé etí mi. Filé! Bí wọ́n bá ń mú èèyàn nítorí filé, ẹ̀wọ̀n ni ìyá mi ìbá dàgbà sí."

"Nígbà tí gbogbo yín mọ̀ pé filé ni, kí ló dé tí wọn ò tú ọmọ mi sílẹ̀?"

"Àwa la mọ̀, Mama. Ìwé ò mọ̀. Ìwé ti ní òògùn olóró ni, ó sì dìgbà tí ilé àyẹ̀wò ìjọba bá kọ ìwé mìíràn kí tàkọ́kọ́ tó lè di irọ́. Ẹ sì mọ̀ wọ́n, ìgbín ló ń bá wọn jíṣẹ́. Ó lè di ìgbà ooru kí wọ́n tó dáhùn."

"Kí ó máa sùn níbẹ̀ títí di ìgbà ooru?"

"Ṣebí béèlì wà? Adájọ́ ti dá iye rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ lè kó gbogbo owó náà fún kóòtù fúnra yín. Bí ọmọ bá ń yọjú nígbà tí wọ́n bá pè é, wọ́n á kó o fún yín padà lọ́jọ́ tí ẹjọ́ bá parí."

"Wilda, ibo ni mo ti fẹ́ rí i?"

"Ìdí tí Ọlọ́run fi dá èmi nìyẹn. Ẹ fún mi ní ìdá díẹ̀ nínú ẹ̀. Ìyẹn ò padà mọ́ o, òun lèmi ń jẹ, òun ni mo fi ra bùdẹ̀n tí ẹ ń jẹ yẹn. Èmi á wá lọ sọ fún kóòtù pé mo dúró fún ìyókù. Ẹ̀yin náà á dúró fún mi. Bí Selin bá ń yọjú, ó tán, ká jọ máa jó. Bí kò bá yọjú, kóòtù á gbá mi lọ́rùn mú, èmi náà á yíjú..."

"Wàá gbá èmi lọ́rùn mú."

"Ilé yín ni. Ẹ̀yin fúnra yín, mi ò jẹ́ fọwọ́ kàn yín. Ṣebí ẹ̀yin lẹ wa bọ́ọ̀sì tó gbé mi lọ sí kíláàsì kìíní."

"O sì ń bì sínú ẹ̀ lójoojúmọ́."

"Háà! Ẹ ò ní gbàgbé láéláé?"

"Èmi ni mo ń fọ̀ ọ́."

Wilda rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó sún mọ́ tábìlì.

"Ẹ gbọ́ o, Mama. Kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú ìjọba ìbílẹ̀ wa yìí. Adájọ́ ní kí wọ́n so ẹ̀gbà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ẹ̀gbà yẹn á sì máa fi ibi tó wà hàn mí lórí fóònù. Bó bá fi lè ré ààlà kọjá, á ké lọ́dọ̀ mi, á ké lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Béèlì ti bàjẹ́ nìyẹn."

"Ìgbà wo ni wọ́n ń pè é ní kóòtù?"

Wilda wúkọ́. Ó to àwọn bírò rẹ̀ jọ, ó tún tú wọn ká.

"Ọjọ́rú. Aago mẹ́jọ àbọ̀ àárọ̀."

"Ọjọ́rú wo?"

"Ọjọ́rú Eérú."

Ozemie gbé bùdẹ̀n sílẹ̀. Ọjọ́ kejì Mádígirà! Ọjọ́ tí gbogbo ọkùnrin Anse Noire ń sùn bí òkú lẹ́yìn tí wọ́n ti gẹṣin, tí wọ́n ti mutí, tí wọ́n ti lé adìẹ kiri oko láti ìdájí.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín," ni Wilda wí. "Kò sọ́jọ́ tí mo ń wá èèyàn kiri bí Ọjọ́rú Eérú. Wọn kì í sá o. Wọ́n ń sùn ni. Lọ́dún tó kọjá, inú ilé adìẹ ni mo ti bá ẹnì kan, adìẹ bà lé e láyà. Ṣùgbọ́n adájọ́ yìí ò mọ oorun yàtọ̀ sí ìsáǹsá, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ẹ̀. Nítorí náà, bí ọkàn yín ò bá balẹ̀ nígbàkigbà, ẹ pè mí. Òfin fún mi láyè láti mú un padà sí àhámọ́ kí nǹkan tó bàjẹ́, orúkọ yín á sì kúrò ńbẹ̀. Ilé yín á bọ́ nínú ewu."

Ozemie wo ìwé náà. Ilé tí wọ́n ń wí yẹn kì í ṣe ilé ńlá. Pákó ilé ìwé àtijọ́ tí ìjọba wó ni òun àti Adley ọkọ rẹ̀ fi kọ́ ọ. Alaalẹ́ ni wọ́n máa ń yọ ìṣó inú pákó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń fi òòlù nà án kó lè tọ́, nítorí wọn kò lówó ìṣó tuntun. Lọ́dún tí omi ya wọ ìlú, ó gun àtẹ̀gùn wọn dé ìpele kẹrin, ó dúró síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó sì padà sẹ́yìn. Adley kú nígbà tí apá ẹ̀yìn kò tíì ní òrùlé. Ozemie fúnra rẹ̀ ló gun àkàsọ̀ lẹ́yìn tó bá ti gbé àwọn ọmọ ìwé délé tán, ó kan páànù náà títí ó fi parí. Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ kò tọ́ mọ́ láti ìgbà náà.

Ó fi ọwọ́ tí àtàǹpàkò rẹ̀ wọ́ yẹn di ìwé mú kó má baà yẹ̀, ó sì fi èkejì fọwọ́ sí i.

Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, Selin ti jáde. Ọmọkùnrin gíga kan ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìpẹja, ó sì ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ kan sókè kí ayé lè rí ẹ̀gbà dúdú tí wọ́n so mọ́ ọn.

"Ẹ wò ó, Nanan, wọ́n ti fi mí ṣe ìyàwó."

"Sọ ṣòkòtò ẹ sílẹ̀, aláìnítìjú. Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n wí?"

"Mo gbọ́. N ò gbọdọ̀ ré ààlà, n ò sì gbọdọ̀ sùn lọ́jọ́ Ọjọ́rú."

"O ò sì ní gẹṣin lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Selin dúró gbagidi láàárín títì. "Nanan! Ta ni yóò mú àkùkọ?"

"Kí àkùkọ mú ara ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Bí àwọn ẹlẹ́ṣin Mádígirà bá ń lọ láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń jó tí wọ́n ń tọrọ, onílé kan á fún wọn ní ìrẹsì, òmíràn á fún wọn ní àlùbọ́sà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lawọ́ á ju adìẹ sókè láàyè, wọ́n á sì máa lé e. Láti ìgbà tí Selin ti dàgbà tó ẹṣin í gùn, òun ló ń mú un. Bí kò bá mú un, kò sí gọ́mbò ìrọ̀lẹ́ fún ìlú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, Husville Thierry tó jẹ́ kapiteni àwọn ẹlẹ́ṣin wá dúró lẹ́nu àtẹ̀gùn Ozemie. Ó ṣí fìlà. Wọ́n jọ ka ìwé ni, kì í sì í ṣí fìlà fún un láìnídìí.

"Ozemie, mo wá bẹ̀ ọ́."

"Ẹ̀bẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ilé mi ló wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Èmi fúnra mi ni n ó máa ṣọ́ ọ. N ò ní jẹ́ kó fi ẹnu kan ọtí. Bí a bá ti jẹun tán, màá fà á lé ọ lọ́wọ́ kí òòrùn tó wọ̀. Bí Selin ò bá lọ, gọ́mbò ọdún yìí, omi gbígbóná lásán ni. O fẹ́ kí àlùfáà jẹ omi gbígbóná?"

"Ẹ ò ní ré ààlà?"

"Ààlà wo? Ilé àwọn èèyàn wa náà là ń lọ. Ṣé a ń lọ sí Mẹ́síkò ni?"

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ozemie gbà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó mọ́, Selin ti wọ aṣọ alákìísà aláràbarà rẹ̀, ó dé fìlà ṣóńṣó, ó fi ìbòjú bo ojú, ó sì bá wọn lọ pẹ̀lú orin.

Ozemie bu kọfí, ó jókòó. Ó ń ka àwọn ilé tí wọ́n máa yà sọ́kàn. Wọ́n á yà nílé àwọn Frugé, wọ́n á yà nílé opó Simien, wọ́n á gba ẹ̀yìn oko ìrẹsì, wọ́n á wá ré afárá Kulí kọjá sí ilé Madame Zerline, ẹni tí í sin àkùkọ tó sanra jù...

Kọfí dà sí i lẹ́sẹ̀.

Kulí! Odò tóóró yẹn tí ọmọdé lè fò! Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí bọ́ọ̀sì ìwé, ẹsẹ̀ afárá yẹn ló ti ń yí ọkọ̀ padà, nítorí àwọn ọmọ òdìkejì jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn, bọ́ọ̀sì tiwọn ni wọ́n ń wọ̀. Husville kò parọ́. Kò rántí ni. Fún wọn, ilé Zerline ni ilé Zerline. Àwọn bàbá wọn ti ń gẹṣin ré afárá náà kí ìjọba tó fa ilà sínú omi.

Ó pe fóònù Selin. Fóònù dún nínú yàrá Selin, lábẹ́ ìrọ̀rí.

Ó gbé orúkọ Wilda jáde. Bó bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, Wilda á mú ọkọ̀, á lọ mú ọmọ náà lójú ọ̀nà, á dá a padà sí àhámọ́ pẹ̀lú aṣọ alákìísà lọ́rùn, ilé á bọ́. Ìka rẹ̀ dúró lórí rẹ̀. Ó rántí ohùn ọmọ náà lórí fóònù ilé ẹ̀wọ̀n, bó ṣe ń ní kí òun má bẹ̀rù nígbà tí ohùn tirẹ̀ ń gbọ̀n.

Ó gbé fóònù jù sápò, ó sì fa àpótí Adley jáde.

Obìnrin kì í bá àwọn ẹlẹ́ṣin Anse Noire lọ. Láéláé ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ ìbòjú kò ní orúkọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bi í léèrè ẹni tó jẹ́. Aṣọ Mádígirà ọkọ rẹ̀ gùn jù ú lọ, ó fi bẹ́líìtì dì í nídìí. Ìbòjú oníwáyà náà ní imú pupa gígùn kan tí ó ń mì bó bá ń mí. Ó wa ọkọ̀ lọ sẹ́yìn ilé opó Simien, ó gbé e pamọ́ síbẹ̀, nígbà tí tírélà tí katakata ń fà, tó ń kó àwọn tí kò ní ẹṣin, sì dé, ó gùn ún.

"Káàbọ̀, onímú!" ni ọkùnrin kan pè é, ó ti ọtí sí i lọ́wọ́.

Ozemie mi orí.

"Kò mutí! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wá wo ìyanu, àlùfáà ti bá wa jáde!"

Kò lè dáhùn. Kò sí ẹni tó wà lórí tírélà náà tí kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, "Jókòó!" ni ó sì máa ń fi pariwo mọ́ wọn nínú bọ́ọ̀sì ìwé. Ó gbé ojú lé iwájú. Àwọn ẹlẹ́ṣin ti lọ jìnnà, kò mọ èwo ni Selin nínú wọn. Nílé tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ jó fún onílé, ó di dandan kó jó pẹ̀lú. Eékún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

Husville gun ẹṣin kọjá, pàṣán kapiteni lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta lèyí tó ń jó bí ẹni tí kòkòrò wọ̀ ní ṣòkòtò?"

Ozemie sún mọ́ ọn láti sọ̀rọ̀ sí i létí, ṣùgbọ́n ó ti ta ẹṣin nípàá. Tírélà ń wọ́ tẹ̀lé wọn. Nígbà tí wọ́n yọ lẹ́yìn oko ìrẹsì, Kulí wà níwájú, Husville sì ti wà lódìkejì, ó ń bá Madame Zerline sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí àṣà. Ozemie rí i tó gbé àsíá funfun sókè. Ẹ máa bọ̀, ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Gbogbo ẹṣin gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Afárá pákó ń ró gbàgàgbàgà. Láàárín wọn ni ó ti wá rí ẹsẹ̀ gígùn kan lára ẹṣin pupa, ẹ̀gbà dúdú lọ́rùn ẹsẹ̀ náà, ẹṣin ọ̀hún sì ń sáré lọ tààrà sórí afárá, nítorí ọdọọdún ló ń gba ibẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ọdún yìí yàtọ̀.

Ozemie ṣí ìbòjú. "SELIN! JÓKÒÓ!"

Ẹni mẹ́fà jókòó lórí tírélà láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n Selin kò sí lórí ẹṣin mọ́. Ẹṣin pupa ré afárá kọjá lóun nìkan, ó ń yan fanda, ó wọ àgbàlá Zerline, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òdòdó rẹ̀. Ọmọkùnrin náà wà nísàlẹ̀, nínú ẹrẹ̀ létí odò níhìn-ín, ó dì mọ́ igi kan bí ẹni tí afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé lọ. Ó ti já bọ́ kí ohùn Ozemie tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí Ozemie fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ń mí gúlegúle. "Ṣé o ṣe ara ẹ léṣe?"

"Nanan?" Selin ṣí ìbòjú tirẹ̀, ẹrẹ̀ kún eyín rẹ̀. "Kí lẹ ń ṣe nínú aṣọ Parrain Adley?"

"Ilé mi ni mò ń ṣọ́! Husville ní kò sí ààlà kankan!"

"Kapiteni ò mọ̀. Èmi mọ̀." Ó fi ìka han ẹsẹ̀ afárá. "Ṣebí ibẹ̀ yẹn ni bọ́ọ̀sì yín máa ń yí padà sí. Láti kíláàsì kìíní ni mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni ayé parí sí. Mo ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, ẹṣin yìí ni ò gbọ́."

Ozemie wo ẹsẹ̀ afárá náà. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fóònù dún lápò rẹ̀. Wilda ni.

"Mama, ẹ má bínú. Àmì Selin wà lórí ilà gan-an lójú fóònù mi, kò lọ, kò bọ̀. Ṣé ó wà láàyè?"

"Ó wà láàyè. Igi ló dì mọ́."

"Kó dì í mọ́ra dáadáa," ni Wilda wí.

Lódìkejì, wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún Madame Zerline. Arúgbó náà kéré, etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dá ṣáká. Ó jáde sí bèbè odò, àkùkọ pupa ńlá kan ń jà lábíyá rẹ̀.

"Wọ́n ní ọmọ yẹn ò lè wá sílé mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá," ni Husville dáhùn. "Béèlì ni. Ó fọwọ́ sí i pé òun ò ní kúrò lọ́hùn-ún."

"Àkùkọ ńkọ́? Àkùkọ náà fọwọ́ sí i?"

"Rárá o, ìyá. Àkùkọ ò fọwọ́ sí béèlì."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Arúgbó náà fi gbogbo agbára rẹ̀ ju àkùkọ sókè. Ó fò, ó ń ké, ó ń gbọn ìyẹ́, ó ré omi kọjá, ó sì bà lé orí fìlà ṣóńṣó Ozemie.

Ariwo ta. Selin fi igi sílẹ̀. Àkùkọ bẹ́ sílẹ̀, ó gba abẹ́ tírélà, ó gba inú oko ìrẹsì, Selin ń fò tẹ̀lé e bí ọ̀pọ̀lọ́, ẹ̀gbà ń ta omi sókè. Gbogbo ẹlẹ́ṣin tò sí bèbè kejì, wọ́n ń fi í ṣe ẹlẹ́yà. "Ìyàwó, rọra! Ẹ̀gbà ẹsẹ̀ á já!" "Fi òfin mú un, Selin! Sọ fún un pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́!" Nígbà tó dìde nínú ẹrẹ̀, a kò mọ èwo ni èèyàn, èwo ni adìẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ àkùkọ.

Husville ré afárá padà, ó dúró ti Ozemie pẹ̀lú pàṣán. "Obìnrin wọ inú ìwọ́de wa. Òfin ní kí n nà ọ́."

"Gbé e sókè, kó o wò ó. Màá sọ ohun tó o ṣe nínú bọ́ọ̀sì ìwé tí bàbá mi ń wà lọ́mọdé wa, lọ́jọ́ tí a lọ wo erin."

Kapiteni wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì fi pàṣán yún ara rẹ̀ lẹ́yìn. "Òfin tún gba ijó," ni ó wí. "Bó o bá jó, ó ti tó." Ozemie sì jó.

Gọ́mbò ọjọ́ náà kún ìkòkò. Husville mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ: kí òòrùn tó wọ̀, ó fa Selin lé Ozemie lọ́wọ́, ọtí kò kàn án lẹ́nu. Wọ́n lọ sílé, Ozemie fi omi gbígbóná sí eékún, ó ní kí Selin lọ sùn, òun náà sùn. Aago tó ń jí i fún bọ́ọ̀sì láti ọjọ́ pípẹ́ ṣì wà níbi orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó yí i sí àárọ̀ kùtùkùtù.

Nígbà tó jí, ó kan ilẹ̀kùn Selin. Kò dáhùn. Ó ṣí i. Bẹ́ẹ̀dì tẹ́ rẹ́gẹ́rẹ́gẹ́ bó ṣe tẹ́ ẹ lánàá. Bàtà rẹ̀ kò sí nílẹ̀.

Ó wo òkè àjà. Ó wo pákó ògiri, ibi tí orúkọ àwọn ọmọ ilé ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti rí Selin nínú ilé adìẹ kan, adìẹ bà lé e láyà. Ó pe Wilda, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló fi ìkánjú pe ilé tó ń ta bùdẹ̀n.

"Wilda, kò sí níbí. Bẹ́ẹ̀dì ṣófo. Jọ̀ọ́, wo ibi tó wà."

Wilda yẹ fóònù rẹ̀ wò. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde.

"Mama, ẹ múra, ẹ máa bọ̀ ní kóòtù. Àmì ẹ̀ wà lórí àtẹ̀gùn kóòtù. Ó jọ pé láti òru ló ti wà níbẹ̀."

Lóòótọ́, orí àtẹ̀gùn ló bá a. Ó ti wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ń wọ̀ fún ìdàpọ̀ mímọ́, ojú rẹ̀ pupa bí ata. Ajá ìlú kan jókòó tì í.

"Kí ló gbé ọ wá síbí?"

"Mi ò fọkàn tán oorun mi, Nanan. Mo ní bí mo bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, ẹ ò ní lè jí mi, ilé á lọ. Ni mo bá fẹsẹ̀ rìn wá. Ajá yìí ń bá mi sọ̀rọ̀ kí n má baà sùn."

"Kí ló ń wí?"

"Ó ní àwọn èèyàn tó yẹ kí wọ́n wà níbí pọ̀, òun ò rí wọn."

Ajá kò parọ́. Nígbà tí adájọ́ jókòó, akọ̀wé pe orúkọ, kò sí ẹni tó dáhùn. Ó pe òmíràn, ìjókòó ṣófo. Wilda, tó wà lẹ́yìn, ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ nínú báàgì. Wọ́n pe Selin Papillion.

"Èmi nìyí, olúwa mi!" Ó pariwo débi pé adájọ́ obìnrin náà sún àga sẹ́yìn.

"Mo rí ọ. Ta ló dúró fún ọ?"

Ozemie dìde. Eékún rẹ̀ dún, gbogbo kóòtù gbọ́ ọ. "Èmi ni."

Adájọ́ wò wọ́n, ó wo àwọn ìjókòó tó ṣófo, ó tún wò wọ́n. Ó ní ìwé ilé àyẹ̀wò kò tíì dé, kí béèlì dúró bó ṣe wà, kí wọ́n tún padà wá nígbà tí a bá pè wọ́n. Kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí Ozemie fi gba ìwé ọjọ́ mìíràn lọ́wọ́ akọ̀wé, tó sì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Selin ti nà gbalaja sórí bẹ́ǹṣì, ẹnu rẹ̀ là, ẹsẹ̀ ẹlẹ́gbà rẹ̀ yọ jáde sójú ọ̀nà. Àwọn lọ́yà ń fò ó kọjá.

"Ẹ jí i, Mama," ni Wilda wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ gba eérú kí ṣọ́ọ̀ṣì tó kún. Èmi náà fẹ́ lọ wá àwọn tèmi nínú ilé adìẹ."

Ozemie bọ́ ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀, ó fi bò ó, ó sì jókòó síbi orí rẹ̀.

"Máa lọ," ni ó wí. "Jẹ́ kó sùn. Adájọ́ ti rí i."